Ìṣẹ́jú Méjìlá Tí Mo Gé Dànù

Mo gé ìṣẹ́jú méjìlá kúrò nínú fídíò kan, bàtà àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lanu lójú títì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní fi òwe bò ó.

Iṣẹ́ mi ni kí n gba fídíò tí ẹlòmíì yà, kí n gé ibi tí kò dáa, kí n so ibi tó dáa pọ̀, kí n tún ohùn rẹ̀ ṣe, kí n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Aṣọ ni mò ń rán tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí jù, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo jókòó tì í, mò ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó gbà mí ní ọdún kan gbáko. Ẹni tó bá mọ ibi tí àlùmọ́gàjí yẹ kó gbà lára aṣọ, kò pẹ́ kó tó mọ ibi tó yẹ kó gbà lára fídíò.

Oníbàárà tí mo fẹ́ràn jù ni bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe. Ó ti lo ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Bàbá ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀: tábìlì kan, àpótí ìjókòó kan, ẹsẹ̀ irin tó máa ń fi bàtà kọ́ kó tó kàn án, pákó mẹ́ta lára ògiri tí bàtà tò sí ní méjì-méjì bí ọmọ iléèwé, àti fèrèsé kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé dáadáa láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Àsìkò ìmọ́lẹ̀ yẹn la máa ń ya fídíò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń di fóònù mú. Ọwọ́ Màmá kì í gbọ̀n. Ẹnu wọn ni kì í sinmi.

Bàbá ní tiwọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, bàtà ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ló ń tẹ̀ lé wọn nítorí ìyẹn. Èmi ni Bàbá ń pè ní Ìyàwó Kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kò sí ọkọ tí obìnrin ń wojú rẹ̀ tó bí mo ṣe ń wojú nǹkan yẹn.

Fídíò tó dá wàhálà sílẹ̀ kọ́ èèyàn bó ṣe lè lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ṣí, fúnra rẹ̀, nínú ilé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n la yà. Ó yẹ kí n gé e kó kù díẹ̀. Mo ní fídíò mẹ́rin nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà mi sì ní bọ́tìnnì kan tó ń gé gbogbo ibi tí kò bá sí ohùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa tẹ̀ ẹ́, ó ti bá ẹ gé e. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún gé díẹ̀ nínú ìyókù, mo wo ìbẹ̀rẹ̀, mo wo ìparí, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Mo gbé e jáde. Ó dùn mọ́ èèyàn méjìlá tàbí mẹ́tàlá lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ẹni tó gé e mọ iṣẹ́. Inú mi dùn.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà.

Ọkùnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé, "Mò ń lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹnì kan béèrè bóyá itọ́ ni Bàbá fi lẹ tiwọn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan. Èyí tó burú jù ni ti obìnrin kan tó wọ bàtà rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á síṣẹ́. Orí àtẹ̀gùn ni bàtà náà ti lanu, lójú àwọn tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò gan-an. Ó ya fídíò bàtà náà, ó fi ọwọ́ la ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń fún adìyẹ lóògùn, ó sì sọ pé, "Ẹ má tẹ̀ lé bàbá yìí o. Kò mọṣẹ́." Fídíò tiẹ̀ rìn ju gbogbo èyí tí a ti ṣe lọ.

Kò mọṣẹ́. Ẹ sọ ìyẹn fún ẹni tó ti lo ogójì ọdún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá jókòó, òòlù wà nílẹ̀. Mi ò rí i rí kí òòlù wà nílẹ̀ láago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Gírámà ni a ń pè é, ó sì rò pé oríyìn ni. Ó mú bébà kan dání, ó ń kà á sókè:

"'Sí gbogbo ẹ̀yin ọlọ́lá, òpómúléró ìrìn-àjò wa. Pẹ̀lú ọkàn ìrẹ̀lẹ̀ tó kún fún ìkáàánú ni a fi ń kẹ́dùn lórí ìpèníjà àìròtẹ́lẹ̀ tó wáyé láàárín ìfojúsọ́nà yín àti—'"

"Ta ló kú?" Màmá bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, kò sẹ́ni tó kú. Ìwé àforíjì ni."

"Á à. Mo ti fẹ́ káwọ́ lérí."

Gírámà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà. Ó ní tó bá fi máa di Sátidé tí nǹkan ò bá yí padà, kí Bàbá jẹ́ kí òun gba iṣẹ́ fídíò náà pátápátá. Òun á gba yàrá tó dáa, òun á gba ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn, ẹni náà á máa sọ̀rọ̀, ọwọ́ Bàbá nìkan làwọn èèyàn á máa rí.

"Wọn ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ, Bàbá. Ẹ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu."

Mo retí pé Bàbá á lé e jáde. Wọ́n kàn mi orí.

"Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ ọ́ ni. Mo wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lánàá. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Tó o bá fi gọ́ọ̀mù pa á lójú méjèèjì, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ. Kó gbẹ kó tó lẹ̀. Tó o bá lẹ̀ ẹ́ ní tútù, ó ń tàn ẹ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí mò ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, kó tó mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Mo sì gbàgbé."

"Kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé nǹkan," ni Màmá wí. Ohùn wọn ti rọlẹ̀.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi nìyẹn. Irinṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé. Ìgbà tó yá, wọ́n ń bi mí pé ọmọ ta ni mí." Bàbá wo ọwọ́ ara wọn. "Ẹ jẹ́ kó di Sátidé. Ohun tí Gírámà bá wí ni kí ẹ ṣe. Èmi á ti ilẹ̀kùn mi. Mi ò fẹ́ kí n máa ba bàtà oníbàtà jẹ́."

Mo ní mò ń bọ̀, mo sì lọ sílé.

Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò ní ju tábìlì, àga àti kọ́tìnì tí mo rán fúnra mi lọ. Mo fa kọ́tìnì, mo ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí, mo ṣí fídíò náà bí Màmá ṣe yà á, láìgé. Mo ń sáré e lọ. Ibi ìṣẹ́jú kẹsàn-án, Bàbá fi gọ́ọ̀mù pa àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, wọ́n fi pa abẹ́ bàtà, wọ́n gbé méjèèjì síbi fèrèsé, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Ètè wọn ń mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo yí ohùn sókè títí kò fi ṣeé yí mọ́.

"Ó yá, ẹ jẹ́ kó gbẹ o. Kó gbẹ kó tó lẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹni bá kánjú lẹ̀ ẹ́, á fẹsẹ̀ lásán rìn délé."

Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ kedere, àmọ́ bàtà ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé kọ̀ǹpútà mi rò pé ibẹ̀ dákẹ́ ni. Ó gé e mọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e: Màmá ti gbé fóònù kalẹ̀ jáde, Bàbá sì fi ìṣẹ́jú méjìlá jókòó wo bàtà. Nínú fídíò tí mo gbé jáde, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa á, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra lójú ẹsẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo jókòó síbẹ̀ títí tíì mi fi tutù. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bàbá fúnra wọn ti gbà pé àwọn gbàgbé. Mo lè pa èyí rẹ́, kí n sì bá wọn kẹ́dùn. Oníbàárà mẹ́fà ni mo ní, gbogbo wọn ló gbà pé mi ò kì í ṣìṣe. Mo rò ó. Lẹ́yìn náà mo rántí bí Bàbá ṣe wo ọwọ́ wọn, ara mi kọ̀ ọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ apá, mi ò tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn dáadáa.

Gírámà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo padà dé. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì láàárín ìṣó àti awọ.

"Bàbá, orí yín pé. Ẹ sọ ọ́. Èmi ni mo gé e."

Mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá tẹ etí sí ohùn ara wọn. Nígbà tó parí, wọn ò wò mí.

"Jẹ́ kí n tún un gbọ́."

Mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Mo sọ ọ́!" Wọ́n dìde, àpótí ìjókòó ṣubú. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí. "Ìyá àwọn ọmọ! Mo sọ ọ́! 'Ẹni bá kánjú lẹ̀ ẹ́,' mo sọ ọ́ pátá!"

"Mo gbọ́, ẹ má wó ilé," ni Màmá wí, wọ́n sì yíjú sí ògiri, wọ́n ń fi etí aṣọ nu imú.

Ìgbà yẹn ni Bàbá tó kọjú sí mi. "Ìwọ."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń ka orúkọ àwọn ọmọ mi lójoojúmọ́, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣì mọ̀ wọ́n?"

"Ẹ dárí jì mí."

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Dìde, ìkúnlẹ̀ ò lẹ bàtà."

Gírámà ti ń fi bíírò kọ nǹkan kún bébà rẹ̀. "Ó ti dáa báyìí. A ó fi kún un pé àṣìṣe náà wá láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan tí a ti yọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo aránṣọ tẹ́ ẹ kó iṣẹ́ fún!"

"Aránṣọ ló wá jẹ́wọ́," ni Màmá dá a lóhùn. "Ìwọ, kí lo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ rí?"

Mo ní kò sí ìwé àforíjì tó máa lẹ bàtà ẹnikẹ́ni. Bàtà wọn ló ṣí, bàtà wọn ló yẹ kó padà lẹ̀. Mo ní kí a pe gbogbo wọn ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Kí wọ́n mú bàtà tó lanu náà wá síwájú fóònù wọn, kí Bàbá lẹ tiwọn, kí àwọn náà máa lẹ tàwọn, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, láìgé nǹkan kan. Bó bá ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni wọ́n á máa rí i.

"Àti ìṣẹ́jú méjìlá yẹn?" Gírámà bi mí.

"Gbogbo rẹ̀."

"Ìṣẹ́jú méjìlá, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí èèyàn máa wo gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ? Ìyá tó bí wọn gan-an, wọn ò lè wò ó fún ìṣẹ́jú méjìlá."

Bàbá gbé àpótí wọn dìde, wọ́n jókòó. "Ẹni tó tú u ni yóò dì í. Tí kò bá lẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyàwó Kọ̀ǹpútà, kí Gírámà máa bá a lọ, kí èmi àti ìwọ lọ wábi jókòó sí."

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ síta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ò ju ìlà mẹ́rin lọ. "Bàbá sọ pé kí ẹ dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Èmi tí mò ń gé fídíò wọn ni mo gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ gbọ́ ohùn wọn níbí. Ẹ mú bàtà yín wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá, a ó jọ lẹ̀ ẹ́." Mo so ohùn Bàbá mọ́ ọn, mo gbé e sókè dáadáa.

Gírámà kà á. "Kò ládùn."

"Kì í ṣe ọbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà mi kan tó ń ta ìpara ní òun ò bá mi ṣe mọ́, òun ò fẹ́ kí n lọ gé ojú òun kúrò. Mo ní ó dáa.

Ní Sátidé, a ti múra tán kí aago tó lù. Mo fi máìkì kékeré há ọrùn aṣọ Bàbá, kí wúyẹ́wúyẹ́ wọn má baà ṣòfò mọ́. Màmá di fóònù kan mú, mo gbé èkejì sórí pákó láti máa ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ. Gírámà dúró sẹ́yìn pẹ̀lú bébà tuntun. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń wò wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún méjì. Púpọ̀ nínú wọn wá láti wo bí a ṣe máa tẹ́, mi ò tan ara mi jẹ.

Obìnrin àtẹ̀gùn náà wá. Ilé rẹ̀ ló wà, ó ní kí a gbé ojú òun sójú fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá kí gbogbo èèyàn lè rí òun. Mo gbé e síta.

"Mo wá wò ó bóyá irọ́ tún ni," ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wà, Bàbá. Bàtà ni kò sí."

Bàbá rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí awọ á fi fara hàn. Wọ́n ní kí wọ́n pa tuntun ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lójú méjèèjì, kì í ṣe bọ́tà lórí búrẹ́dì. "Ó yá. Ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú méjìlá." Wọ́n ká ọwọ́ gbera.

Ìdákẹ́jẹ́ dé. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Iye èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lójú mi: ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rún kan ó lé irínwó. Ìka mi ń yún mi láti gé nǹkan, kò sì sí ohun tó ṣeé gé. Gírámà ń ṣẹ́jú, ó ń na bébà rẹ̀ sí Bàbá pé kí wọ́n kà á. Bàbá gbà á. Wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ bàtà tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀, kó má baà ba pákó fèrèsé jẹ́.

Ẹnì kan rí ìyẹn, ó kọ ọ́ pé òun rẹ́rìn-ín títí. Ẹlòmíì béèrè ìbéèrè, mo kà á sókè: "Bàbá, ṣé mo lè fi fáànù fẹ́ ẹ kó tètè gbẹ?"

"Ṣé wọ́n ń fi fáànù fẹ́ oyún kó tètè gbó?"

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi nígbà náà," ni Màmá ké láti ẹ̀yìn fóònù, "ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo rù ú nínú ooru!"

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Wọ́n ń béèrè, Bàbá ń dáhùn, Màmá ń ta ko ìdáhùn. Ọkùnrin kan fi bàtà tiẹ̀ hàn, Màmá ní ṣé bàtà nìyẹn àbí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń wò ń pe àwọn ẹlòmíì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Nígbà tí ìṣẹ́jú kejìlá pé, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ló jókòó tí wọ́n ń wo gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ.

"Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án," ni Bàbá wí. "Tó bá tẹ̀ lé ìka yín, kò tíì tó. Tó bá jẹ́ kí ìka yín lọ, ó ti tó. Ọmọ mi, tìẹ ńkọ́?"

Obìnrin àtẹ̀gùn náà fi ìka kàn án. "Ó jẹ́ kó lọ."

"Lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, má sún un. Tẹ̀ ẹ́. Lù ú."

Bàbá gbé òòlù, ó dún lórí ẹsẹ̀ irin. Mo gbọ́ tobìnrin náà tó ń fi ìdí ìgò lu tiẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, ó gbé fóònù rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ sórí àtẹ̀gùn ilé wọn.

Ó gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tún gùn ún.

"Sáré," ni Bàbá wí.

Ó sáré. Fóònù ń mì, a kàn ń rí ògiri àti bàtà, ògiri àti bàtà. Àwọn èèyàn ń kọ iye rẹ̀: márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá. Ní ìgbà ogún, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí gúlegúle, ó bọ́ bàtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tagbáratagbára. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Bàtà náà ò lanu.

"Bàbá," ló wí, "mo sọ pé ẹ ò mọṣẹ́. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ mọṣẹ́. Ẹ sì sọ fún ẹni tó ń gé fídíò yín pé kó sọ àlùmọ́gàjí rẹ̀ nù."

Fídíò bàtà wá ń wọlé láti ibi gbogbo. Àwọn kan gbé tiwọn kọ́ sára ìṣó, wọ́n so àpò mọ́ ọn. Ọkùnrin kan ní kí ìyàwó òun dúró sórí rẹ̀ kí òun máa fa gìgísẹ̀, ìyàwó náà ní òun kọ́ ni òkúta rẹ̀. Mi ò lè ka gbogbo rẹ̀ mọ́. Gírámà pàápàá ti bọ́ kóòtù, ó ń fọwọ́ lu itan, ó ń pariwo pé, "Ó lẹ̀! Ó lẹ̀!" Mi ò gbọ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn, ọ̀tún, òsì, wọ́n sì rọra fà mí mọ́ra.

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, má pẹ́ o," ni wọ́n wí létí mi. "Iṣẹ́ pọ̀. Kó o sì bá mi gé ibi tí mo ti ń nu ojú yìí kúrò."

"Kò ṣeé gé, Bàbá. Wọ́n ti rí i."

"Gbogbo wọn?"

Mo wo fóònù. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá."

"Wọ́n sì ti gbọ́ èyí tẹ́ ẹ sọ tán yìí náà," ni Màmá wí, "máìkì wà lọ́rùn yín."

Bàbá fọwọ́ kan máìkì náà. Wọ́n wo ojú fóònù, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sì sọ ọ́ sókè ketekete kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ẹ wò mí dáadáa nígbà náà. Èmi ni mo ni iṣẹ́ yìí."